Ohùn Ta Ni Ẹ Kì Bọ Ìyá Mi Lẹ́nu?

Ẹ má wulẹ̀ fa àga, Alhaja, ohun tó gbé mi wá kì í ṣe ohun àjókòósọ. Taofeek ọmọ yín ti ki ohùn ẹlòmíì bọ ìyá mi lẹ́nu, ìyá mi tó ti wà nínú sàréè, ó sì gbé e sétí gbogbo èèyàn níbi fídáù ogójì ọjọ́, gbogbo yín ń sunkún, ẹ̀ ń sọ pé ẹ gbọ́ Asiata, ẹ gbọ́ olóhùn iyọ̀, ẹ gbọ́ bó ṣe ń fi wákà yin Ọlọ́hun, èmi ọmọ wọn nìkan ni mo jókòó láìsunkún, táwọn èèyàn ń wò mí bí ọ̀dájú.

Ẹ mọ̀ mí. Láti ìgbà tí a ti jọ ń lọ àsàlátù, ta lẹ gbọ́ pé mo bá jà rí? Ṣùgbọ́n mo fi Ọlọ́hun tó ni ẹ̀mí mi búra, ìyá mi kọ́ nìyẹn. Ìyá mi kì í mí láàárín lá ìláha illallọ̀hu. Bó ti wù kó rẹ̀ wọ́n tó, wọ́n á sọ ọ́ dópin kí wọ́n tó mí, torí ẹni tó bá dúró ní lá ìláha, kí ló ń sọ? Pé kò sí Ọlọ́hun kankan! Wọ́n máa ń bi àwa ọmọ pé bí ikú bá ká yín mọ́bẹ̀ ńkọ́? Ẹni inú ẹ̀rọ yẹn mí níbẹ̀. Ó mí, ó tún mí.

Ni mo bá lọ bá Taofeek ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́nà stéṣọ̀n. Mi ò pariwo. Mo ní, "Taofeek, ta lobìnrin yìí?" Ó ní àìsàn ló yí ohùn Màmá padà. Mo tún bi í, ta lobìnrin yìí? Ó wá jẹ́wọ́. Rùkáyàt ará Ìjàgbó ni, èyí tó ti gbè lẹ́yìn ìyá mi rí.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí kò ní sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí. Lọ́jọ́ tó wá gba orin náà sílẹ̀ nílé wa, ó gbé láàpútọ́ọ̀pù wá pẹ̀lú àpótí pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń ki wáyà máìkì bọ̀, sáúńdù káàdì tí àwọn ọ̀gá ń lò. Ihò mẹ́rin ló wà lára rẹ̀. Ó ki tàwọn elégbè bọ méjì àkọ́kọ́, ó wá ní òun ò ní ki ti àgbà mọ́ tàwọn ọmọdé, ó fún ìyá mi ní ihò tiwọn lọ́tọ̀, ní ìkángun. Ọ̀wọ̀ ló pè é. Inú mi dùn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní ọmọ yìí kẹ́kọ̀ọ́ nílé.

Àṣé Línọ́ọ̀sì ni ètò tó ń darí láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀, kì í ṣe Wíńdóòsì tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò. Ó ní ọ̀fẹ́ ni, òun ò jí i. Ìyẹn dáa, mi ò bá a jà nítorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe àpótí yẹn ò fi ti Línọ́ọ̀sì ṣe, èèyàn ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ sọ fún ẹ̀rọ pé kó ṣí ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, méjì àkọ́kọ́ ló máa gbà sílẹ̀. Taofeek ò sọ fún un. Ìyá mi fọwọ́ di ìhà mú, wọ́n kọrin títí òógùn fi bò wọ́n, ẹ̀rọ ò mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Òun alára sì ń gbọ́ wọn ketekete nínú ohun tó dé sétí, torí ó ní inú àpótí nìyẹn ti ń wá tààrà, kò gba inú láàpútọ́ọ̀pù kọjá.

Ẹ ní àṣìṣe ni? Àṣìṣe ni. Mo ti forí jì í. Ẹ gbọ́ èyí tí mi ò lè forí jì. Nígbà tó délé tó bá ibi ohùn ìyá mi lófìfo, ìyá mi ṣì wà láyé. Wọ́n ṣì ń jókòó síta lẹ́yìn ìrun àsárì. Wọ́n ń bi mí pé ṣé Taofeek ò tíì mú orin wá ni, mo ń pè é, ó ń ní òun ń tún un ṣe. Ó ń tún kí ni ṣe? Bó bá wá, bó bá ní Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ ò gbà á, wọn ì bá tún un kọ fún un lórí ibùsùn wọn. Ìtìjú lọmọ yín ń sá fún, títí tí ọlọ́jọ́ fi dé.

Kádàrá? Alhaja, kádàrá ni ikú. Irọ́ kì í ṣe kádàrá.

Ẹ ní ó fẹ́ tù wá nínú, ẹ ní ohùn Rùkáyàt dùn. Ó dùn ju ti ìyá mi lọ pàápàá, ti ìyá mi ti há nígbà yẹn. Kó lọ fi orúkọ ara rẹ̀ kọ ọ́.

Ohun tí mo fẹ́ rèé. Kí Taofeek yọ ohùn yẹn kúrò, kó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lójú àwọn àsàlátù. Lẹ́yìn náà kó fún mi ní ohùn àwọn ọmọdé elégbè nìkan, bó ṣe wà lọ́jọ́ náà gan-an. Ó ní kò sí nǹkan níbẹ̀, wọ́n á gbè, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á tún gbè. Ó ní níbi tí wọ́n ti dákẹ́, ìró kan ń dún fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ bí ti ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri, máìkì àwọn ọmọdé ló ṣèèṣì gbé e, kò mọ́, òun sì ti ń fọ̀ ọ́ kúrò.

Alhaja, ìyá mi nìyẹn. Ìró tí kò mọ́ yẹn, ìyá mi ni. Bó bá ti pa á rẹ́ tán, mi ò mọ ohun tí ẹnu mi máa sọ, mi ò sì fẹ́ kí Ọlọ́hun gbọ́ ọ. Ẹ pè é. Ẹ ní kó gbọ́wọ́ kúrò lára rẹ̀.