Ọlọ́run Tó Dá Ilẹ̀kùn Mi Padà

Ẹ bá mi gbé ọwọ́ méjèèjì sókè sí Ọlọ́run tó ń báni gba ilẹ̀kùn ilé ẹni padà! Halelúyà! Mo mọ̀ pé ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan, ẹ kàn kọ́kọ́ bá mi pariwo fún Un ná. Ọpẹ́ ni fún Jésù!

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, torí ọ̀rọ̀ tèmi ò ní fífò sókè púpọ̀ nínú. Èmi ni Ìyá Tólú, aránṣọ. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó wà níbí, èmi ni mo rán yunifọ́ọ̀mù tí wọ́n ń wọ̀ lọ sílé ìwé. Èyí tó bá fún lọ́rùn, kí ìyá rẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn ìsìn. Ọmọ Ìlá ni mí, ṣùgbọ́n Ifẹ̀ ni mo ti lọ́kọ. Ní Òkèrèwè la ń gbé, iyàrá méjì àti pálọ̀, nínú ilé Bàbá kan tí àwọn àti ìyàwó wọn ń gbé ẹ̀yìn ilé náà.

Màmá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọlù wọ́n, apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì ò ṣiṣẹ́ mọ́. Nígbà tí wọ́n dá wọn sílẹ̀ ní ọsibítù, dókítà tó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa tún rìn pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, “Ìyá Tólú, ẹ má gbé wọn kiri o. Ilé tí ojú wọn ti mọ̀ ni kí wọ́n wà. Lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n di ògiri mú, kí wọ́n rìn láti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì dé ibi ilẹ̀kùn àbájáde. Kí wọ́n fọwọ́ di ilẹ̀kùn mú, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n padà.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Níbẹ̀rẹ̀, Màmá ò lè kọjá ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó yá, wọ́n dé pálọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ di ilẹ̀kùn mú, ariwo tí mo pa pọ̀ débi pé àwọn ará ilé kejì sáré wá, wọ́n rò pé nǹkan ti ṣe wá. Mo ní nǹkan ti ṣe wá lóòótọ́, ẹ wá wò ó! Ògo ni fún Ọlọ́run!

Àsìkò yẹn gan-an ni owó ilé pé. Agbaṣẹ́ṣe tí ọkọ mi ń bá ṣiṣẹ́ ní yunifásítì ti dá iṣẹ́ dúró, ó ní wọn ò tíì san owó fún òun, kí ọkọ mi ṣe sùúrù. Ilé ìwé tí mo rán yunifọ́ọ̀mù fún náà ní kí n ṣe sùúrù. Gbogbo wa ń ṣe sùúrù. Bàbá onílé nìkan ni kò ṣe sùúrù, mi ò sì lè bá wọn wí, ilé wọn ni.

Kí n sọ òótọ́ níwájú pẹpẹ yìí, Bàbá kì í ṣe èèyàn burúkú. Nígbà tí a bí àbíkẹ́yìn wa, àwọn náà fún un lórúkọ, orúkọ yẹn ni wọ́n sì fi ń pè é títí di òní. Ìdí nìyẹn tó fi dùn mí. Wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè owó náà jẹ́jẹ́. Nígbà tó yá, wọn ò dáhùn nígbà tí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀. Lọ́jọ́ kan wọ́n kàn dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ní, “Ìyá Tólú, ẹ sọ fún ọkọ yín kó lọ wá ilé mìíràn.”

Kí la ṣe? Ohun tí gbogbo yín náà máa ṣe ni. A wá àgbà. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi ló ṣíwájú wa lọ bẹ Bàbá. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀, èmi kúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi sọ̀rọ̀ títí, ó fi Ọlọ́run bẹ̀ wọ́n, ó fi ọmọ bẹ̀ wọ́n. Bàbá wá ní, “Mo ti gbọ́. Mo fún wọn lóṣù kan. Tó bá ti pé, kí wọ́n kó ẹrù wọn jáde.”

Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi yíjú sí wa, ó ní, “Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá!”

A sì dúpẹ́. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Tí àgbà bá ti sọ̀rọ̀ tán, tí wọ́n ní kó o dúpẹ́, o ò ní dúró bi wọ́n pé kí ni mo fẹ́ dúpẹ́ fún. Ọkọ mi tún dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Èmi náà ní, “Ẹ ṣé o, Bàbá. Ẹ ó pẹ́ fún wa.” Ìgbà tí a délé tí mo bọ́ gèlè mi ni mo tó bi ara mi pé, kí la lọ dúpẹ́ fún gan-an? Wọ́n lé wa, a ní wọ́n ṣé!

A bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé. Èyí tí agbára wa ká wà ní Ẹdúnàbọ̀n, ó sì jìnnà sí ọsibítù Màmá. Ọkọ mi wá ní bóyá ká gbé Màmá lọ sí abúlé lọ́dọ̀ àbúrò òun ná. Màmá gbọ́ ọ láti inú iyàrá. Wọ́n ní, “Ẹ ò ní gbé mi lọ síbì kankan. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọ̀nà ilẹ̀kùn ni.”

Oṣù kan pé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Bàbá mú Lásísì kápẹ́ńtà wá. Ará àdúgbò wa ni Lásísì, kò lè wo ojú mi. Ó ní, “Ìyá Tólú, ẹ foríjì mí o, iṣẹ́ ni wọ́n pè mí fún.” Bàbá ní, “Tú u.” Ó tú ilẹ̀kùn àbájáde wa kúrò lára ògiri, ó gbé e sórí, ó gbé e lọ fi ti ògiri ilé ìdáná Bàbá lẹ́yìnkùlé. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú okùn tí mo fi ń wọn aṣọ lọ́rùn.

Màmá pè mí látinú iyàrá, “Ìyá Tólú, ta ló ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀? Oòrùn ń wọlé.”

Mo ní, “Atẹ́gùn la fẹ́ gbà, Màmá.” Mo wọ ilé ìwẹ̀ lọ, mo sì sunkún.

A fi aṣọ ta ojú ọ̀nà náà. Ẹ̀yin tó mọ Òkèrèwè, ẹ mọ iye ewúrẹ́ tó wà níbẹ̀. Ewúrẹ́ kan wọlé, ó jẹ gbogbo bébà tí mo fi ń gé aṣọ, ó sì jókòó sórí yunifọ́ọ̀mù ọlọ́mọ. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, èmi náà ti ń rẹ́rìn-ín báyìí. Àmọ́ èyí tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ò pani lẹ́rìn-ín. Màmá rìn wá láàárọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń rìn, wọ́n nawọ́ láti di ilẹ̀kùn mú, aṣọ ni wọ́n dì mú. Aṣọ náà já. Ọlọ́run ló jẹ́ kí n wà nítòsí, èmi ni wọ́n ṣubú lé. Láti ọjọ́ yẹn, Màmá ò sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Mo bẹ̀bẹ̀, mo ṣàwàdà, wọ́n ní rárá, ẹsẹ̀ àwọn ò gbà á.

Bàbá sì ń pariwo láti ẹ̀yìnkùlé, “Tí ẹ ò bá kó, kóòtù ni màá gbé yín lọ!”

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ kóòtù yẹn ló dà mí láàmú jù. Kò sẹ́ni tó dé kóòtù rí nínú ìdílé wa. Lọ́rọ̀ tèmi, ọ̀daràn ló ń lọ síbẹ̀. Mo gbé e wá sí ìpàdé àdúrà Wednesday. Àdúrà tí mo gbà níbí yìí, ẹlòmíì á ṣì rántí. Mo ní, “Kóòtù tí wọ́n fẹ́ gbé mi lọ, kí ọ̀nà rẹ̀ dí! Ẹni tó fẹ́ pè mí lẹ́jọ́, kó gbàgbé ọ̀nà!” Mo fò, mo làágùn, ohùn mi há.

Sísítà Fúnmiláyọ̀, tó ń ṣiṣẹ́ lọ́yà, wà lẹ́yìn mi. Nígbà tí a ṣe àmín tán, wọ́n fọwọ́ kàn mí léjìká. Wọ́n ní, “Ìyá Tólú, kóòtù wo lẹ ń bá jà?”

Mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀. Wọ́n fetí sílẹ̀. Wọ́n bi mí pé, “Ṣé Bàbá kọ ìwé fún yín pé kí ẹ jáde?” Mo ní rárá, ẹnu lásán ni, ṣùgbọ́n a ti dúpẹ́. Sísítà ní, “Ẹ ti ṣe kí ni?” Mo ní a ti dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ọkọ mi tiẹ̀ dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀rín pa wọ́n, wọ́n fọwọ́ bo ẹnu.

Wọ́n ní, “Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Onílé ò lè fẹnu lásán lé ayálégbé jáde, kò sì lè yọ ilẹ̀kùn tàbí ká páànù orí ilé láti fi lé e. Ó gbọ́dọ̀ fún un ní nótíìsì, kó wà lákọsílẹ̀. Ẹni tó ń sanwó lọ́dọọdún bíi tiyín, ó máa ń tó ìdajì ọdún, àfi tí àdéhùn yín bá sọ nǹkan mìíràn. Tí ìyẹn bá pé, yóò tún fún yín ní ìwé ọlọ́jọ́ méje pé òun ń lọ sí kóòtù. Kóòtù nìkan ló lè ní kí ẹ jáde. Kóòtù tí ẹ ń lé yẹn, Ìyá Tólú, òun ló dúró láàárín ẹ̀yin àti ìta. Àdúrà yẹn, ẹ lọ gbà á padà.”

Ọkọ mi kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní, “Ṣé a máa wá bá Bàbá ṣẹjọ́ ni? Bàbá tó sọ ọmọ wa lórúkọ?” Sísítà ní kò sẹ́ni tó ní ká pe Bàbá lẹ́jọ́. Wọ́n bá wa kọ lẹ́tà tí ọ̀wọ̀ kún inú ẹ̀ sí Bàbá, pé kí Bàbá jọ̀ọ́ dá ilẹ̀kùn padà, pé a ò sẹ́ gbèsè wa, a ó san án díẹ̀díẹ̀. Wọ́n wá kọjú sí èmi àti ọkọ mi, wọ́n ní, “Gbèsè yín ṣì wà lọ́rùn yín o. Òfin ò ní kí ẹ má sanwó.”

Bàbá ka lẹ́tà náà, inú bí wọn gidigidi. Wọn ò wá lọ́yà, wọ́n gba kóòtù májísíréètì lọ tààrà, wọ́n pè wá lẹ́jọ́. Ọlọ́run ò dáhùn àdúrà mi. Ẹ bá mi yìn Ín pé kò dáhùn ẹ̀!

Ọjọ́ ẹjọ́ pé. Obìnrin ni májísíréètì náà, ó lo gíláàsì ojú, ohùn rẹ̀ ò sì ga. Ó bi Bàbá pé, “Bàbá, ìwé nótíìsì tí ẹ fún wọn dà?”

Bàbá ní, “Mo sọ fún wọn lójú àgbà.”

“Mo ní ìwé, Bàbá.”

Bàbá ní, “Oyè yín ó pẹ́ o, ṣebí wọ́n dúpẹ́! Ọkọ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ níwájú mi, ó dúpẹ́. Èèyàn á dúpẹ́ lórí ọ̀rọ̀, á tún ní òun ò gbà á?”

Gbogbo kóòtù rẹ́rìn-ín. Májísíréètì ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá, ẹni tí mo bá dá lẹ́bi níbí pàápàá máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ilé la ti kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé ó dùn mọ́ wọn. Ọpẹ́ kì í ṣe nótíìsì.”

Sísítà Fúnmiláyọ̀ dìde, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ Màmá. Májísíréètì bi Bàbá bóyá òótọ́ ni, Bàbá ní òótọ́ ni. Ó da ẹjọ́ náà nù nítorí kò sí nótíìsì, ó sì pàṣẹ pé kí ilẹ̀kùn padà sípò rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi. Ó ní, “Màdáámù, ẹ má jáde níbí kí ẹ máa jó o. Owó Bàbá wà lọ́wọ́ yín.” Ó ní ká jọ sọ bí a ó ṣe máa san án, a sì kọ ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀.

Níta, Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n ní, “Ìyá Tólú, ojú mi ni mo fẹ́ fi owó yẹn tọ́jú. Mi ò ríran dáadáa mọ́.” Àánú wọn ṣe mí gan-an. Gbogbo ìgbà yẹn tí wọn ò dáhùn nígbà tí mo bá kí wọn láàárọ̀, bóyá wọn ò tiẹ̀ rí mi. Ilé ìwé san lára owó iṣẹ́ mi lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Bàbá ni mo kọ́kọ́ gbé e fún, mi ò tíì ra òwú.

Lásísì gbé ilẹ̀kùn dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ẹjọ́ yẹn. Kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ó ṣe ń kan án, Màmá gbọ́ ìró òòlù. Wọ́n ní, “Kí lẹ ń kàn?” Mo ní, “Ilẹ̀kùn ni, Màmá.” Mo gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì dún. Nígbà tí mo yíjú, Màmá ti di ògiri mú, wọ́n ń bọ̀. Ọkọ mi fẹ́ lọ dì wọ́n mú, mo fà á lẹ́wù. Wọ́n rìn wá, wọ́n di ilẹ̀kùn mú, wọ́n mì ín wò bóyá ó dúró. Wọ́n wá yí kọ́kọ́rọ́ fúnra wọn. Halelúyà! Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi yí i, ẹ̀yin ará! Ọwọ́ òsì!

Ẹ̀yin tó wà nínú irú wàhálà yìí, ẹ gbàdúrà, àmọ́ ẹ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó mọ òfin pẹ̀lú. Ẹ má sá fún onílé yín, ẹ san èyí tí agbára yín ká. Bí wọ́n bá fẹnu lásán ní kí ẹ kó jáde, ẹ má tíì di ẹrù. Ọlọ́run tó gbọ́ tèmi ń gbọ́ tiyín, bí Ó bá tiẹ̀ kọ àdúrà kan nínú ẹ̀.

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Sísítà Fúnmiláyọ̀, ẹ bá mi dúpẹ́ fún ojú Bàbá tí wọ́n ti ń tọ́jú. Láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń bọ̀, Màmá ló ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn mi. Mo dúró níta títí mo fi gbọ́ kọ́kọ́rọ́. Mo ti dúpẹ́ púpọ̀ rí láìmọ ìdí ẹ̀, ẹ̀yin ará. Tòní, mo mọ ohun tí mo ń dúpẹ́ fún.