Iná Iwájú, Iná Ẹ̀gbẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń wo fídíò mi, tí ẹ ń pè mí ní Àǹtí Ojú-Ń-Dán, ẹ fetí sílẹ̀ kí ọkàn mi tó yí padà. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ jù lábẹ́ ahọ́n mi, ó ti di egbò síbẹ̀. Ìpara tí mò ń tà fún yín kọ́ ló wo irorẹ́ ojú mi sàn. Dókítà awọ ló wò ó, pẹ̀lú oògùn àti sùúrù, kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń po ohunkóhun.

Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi níṣẹ́. Mo kàn fẹ́ràn láti mọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́ ni. Èmi ni mo fojú ara mi rí i pé iná tó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá máa ń fún irorẹ́ kọ̀ọ̀kan ní òjìji, ojú á wá dà bí ilẹ̀ tí adìẹ fẹsẹ̀ tú. Èyí tó bá ti iwájú wá, á pa òjìji náà rẹ́. Iná ẹ̀gbẹ́ ni mo fi ń ya "kí n tó lò ó," iná iwájú ni mo fi ń ya "lẹ́yìn tí mo lò ó." Ojú kan náà, ọjọ́ kan náà. Ẹ ń yìn mí, ojú ò tì mí.

Nígbà tó yá, mo rí ìpara ilé ìwòsàn kan tó máa ń pa wíwú kíákíá. Mo kà á pé kò yẹ ojú, pé bó bá pẹ́ lára, awọ á fẹ́lẹ́, irorẹ́ á sì padà bí ẹni tó lọ kó ẹbí ẹ̀ wá. Mo mọ̀, mo sì pò ó mọ́ oyin. Mo wá kọ ọ́ sára ike pé oyin àti ewé nìkan ni. Aláìmọ̀kan ní àwáwí. Èmi ò ní.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí bàbá rẹ̀ ń pè ní Adúmáadán, ń gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ dókítà awọ nígbà náà. Oògùn rẹ̀ ń mú kí ojú gbẹ, kó sì máa bó, kó tó dára. Mo mọ̀yẹn náà. Tèmi bó rí. Ó bi mí bóyá kí òun ní sùúrù. Mo ní ṣé dókítà tí kò fojú ara rẹ̀ hàn lórí fóònù rí ló fẹ́ máa gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí, ẹnu yín yìí." Ó da oògùn nù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìpara mi pa ojú. Ojú rẹ̀ dán fúngbà díẹ̀, mo sì fi ṣe fídíò. Lẹ́yìn náà ló wú, tó ń kó ọyún. Mo ní ìdọ̀tí ló ń jáde, kó fi kún un. Ó fi kún un.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó burú jù. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e padà sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà ní ó jọ pé ìpara tó ń pa wíwú ló ba ojú yìí jẹ́, pé bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbà tọ́jú rẹ̀. Kí wọ́n bi ẹni tó pò ó. Ọmọ náà pè mí lórí fóònù níbẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ pò mọ́ ọn? Mi ò ní bínú."

Mo mọ̀ pé dókítà wà níbẹ̀, tó ń retí ìdáhùn mi. Mo ní, "Oyin àti ewé ni, ọmọ mi. Ṣé mo lè ṣe ọ́ níbi ni?"

Mo gbọ́ tó sọ fún dókítà pé, "Ẹ gbà á gbọ́, sà. Àǹtí mi ò lè parọ́ fún mi."

Nítorí ọ̀rọ̀ mi, àìsàn mìíràn ni wọ́n ń tọ́jú. Kí wọ́n tó mọ̀, ojú ọmọ náà ti di kòtò kòtò.

Lánàá, ó wọ yàrá tí mo ti ń ya fídíò, ó jókòó sórí àga mi. Kò bú mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ tan iná iwájú yẹn fún mi. Ẹ ṣe é bí ẹ ṣe máa ń ṣe tiyín." Mo tan án. Mo gbé e sókè, mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, mo sún un mọ́ ojú rẹ̀. Òjìji lọ. Àpá ò lọ. Ó wo ara rẹ̀ nínú fóònù títí, ó ní, "Ó dáa. Ẹ pa á."

Mi ò lè bẹ̀ ẹ́. Ẹnu tí mo fi parọ́ fún un náà ni mo ní. Ẹ̀yin ni mò ń bẹ̀. Bí ike mi bá wà nílé yín, ẹ gbé e lọ bá dókítà awọ, ẹ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún un, nítorí èmi kọ̀, n ò sọ ọ́. Ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ ń wo ojú tó ń dán lórí fóònù, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ibi tí iná ti ń wá.