Bátìrì Tó Wú Lábẹ́ Tábìlì Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ gbé ìbọn yín sílẹ̀ ná. Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí eré tòní dúró díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́nà ọ̀fun fún ọdún mẹ́sàn-án, bí mi ò bá sì sọ ọ́ lónìí, mi ò mọ ẹni tí yóò kú kí n tó sọ ọ́.  

Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí sí Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀. Èmi ni mò ń tọ́jú bátìrì gbogbo ìbọn eré tó wà nínú ilé ìkẹ́rù àtijọ́ yìí. Ẹ ó tẹ ìbọn, ọta ike á máa dà jáde wàràwàrà, ẹ ó máa sá kiri lẹ́yìn àgbá, ẹ ó máa rẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tí í rántí pé bátìrì ló ń ṣe gbogbo ẹ̀. Nígbà tí Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, bátìrì àtijọ́ là ń lò, èyí tó wúwo, tó sì máa ń fara da ìyà. Èmi ni mo ní ká lọ sí tuntun, èyí tó rí pẹlẹbẹ, tó fúyẹ́, tó ń mú kí ìbọn dún bí ìgbà téèyàn ń fa aṣọ ya. Ọ̀gá ní, "Ṣé o lè tọ́jú ẹ̀ ṣá? Mo gbọ́ pé ó máa ń gbiná." Mo ní, "Ọ̀gá, lọ́wọ́ tèmi? Ẹ lọ fọkàn balẹ̀." Ẹ̀yin èèyàn, ẹnu mi ló kọ́kọ́ kó bá mi.

Bátìrì tuntun yìí ní èèwọ̀ tiẹ̀. Tí a ò bá ní lò ó, a kì í gbé e sílẹ̀ ní kíkún, a kì í sì í gbé e sílẹ̀ lófìfo, ìdajì ni. Inú àpótí irin tí ìdérí ẹ̀ ní ihò ló ń gbé, kó jìnnà sí aṣọ, kó jìnnà sí igi. Èyí tó bá wú, tí ikùn ẹ̀ yọ síta, ó ti kú nìyẹn. Inú korobá iyanrìn tó wà níta ló ń lọ, lójú gbogbo ayé. Mo mọ gbogbo ẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́ sára ògiri tí ẹ̀ ń wò yẹn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ dé láàárọ̀ ọjọ́ eré kí ẹ bá gbogbo bátìrì ní kíkún, kí ẹnì kan má dúró dè mí, kí ẹ lè máa pariwo pé, "Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀! Kò sírú ẹ!" Nítorí ariwo yẹn, mo máa ń ṣájì wọn kún fọ́fọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, màá wá fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú.

Àkọ́kọ́ tó wú, mo mú un lọ síbi korobá iyanrìn lóòótọ́. Mo wá rí Ọ̀gá tí wọ́n ń bọ̀, mo sì tì í bọ àpò ṣòkòtò mi. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn mi ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́ta, mo ti kó mọ́kànlá relé. Ọ̀gá á mú àlejò wá, wọ́n á nawọ́ sí korobá, wọ́n á ní, "Iyanrìn lásán ni o! Bátìrì kan ò wú lọ́wọ́ ọmọ yìí rí." Èmi á sì máa rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọkọ ìyàwó. Aláìnítìjú ni mí.

Ilé tí mò ń kó wọn lọ ńkọ́? Ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí ìyá wa kú. Ẹ̀gbọ́n mi ló pọ̀n mí, abẹ́rẹ́ àti òwú ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà. Aránṣọ ni wọ́n. Yàrá méjì là ń gbé: ìsọ̀ wọn ló wà níwájú, ẹ̀yìn ni mò ń sùn. Yàrá tèmi ò ní àjà, ooru páànù ibẹ̀ pọ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí kí ooru má lọ bá bátìrì jà. Mo bá kó wọn sínú àpótí irin kan, mo gbé e sábẹ́ tábìlì tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń gé aṣọ, torí pé ibẹ̀ tutù. Àpótí náà ò ní ihò kankan, mo fẹ́ kí òórùn ẹ̀ má jáde. Ẹ gbọ́ o: mo mọ̀ pé kò gbọdọ̀ sún mọ́ aṣọ, mo sì gbé e sáàárín aṣọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ọkọ mi, kí ló wà nínú àpótí yìí tó wúwo tó báyìí?" Bí wọ́n ṣe máa ń pè mí nìyẹn láti kékeré. Mo ní, "Irin iṣẹ́ mi ni, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ má ṣí i o." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Kí ni mo fẹ́ fi irin ṣe? Ẹsẹ̀ ni màá máa gbé lé e." Wọ́n sì ń gbé ẹsẹ̀ lé e lóòótọ́. Màá wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn lórí ìdérí yẹn, màá sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Èmi fi tèmi sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó tọ́ mi, mo sì ń jẹun, mo sì ń sùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo mú èkejìlá wálé. Ẹ̀gbọ́n mi ò sí ńlé, wọ́n lọ ra òwú. Wọ́n ti lọ aṣọ ilé-ìwé àwọn oníbàárà wọn, wọ́n ti kó o jọ sórí tábìlì. Áyọ́ọ̀nù wà ní ìdúró, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lára iná, wọ́n ti wé wáyà mọ́ ọn lọ́rùn bí wọ́n ti máa ń ṣe. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi méjèèjì. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Mo ṣí àpótí, kò gbà mọ́. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ bátìrì náà wọlé, mo fi orúnkún ti ìdérí pa, mo gba ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ lọ. Kò tíì gé ààbọ̀ irun mi tí mo gbọ́ ariwo pé, "Iná! Ilé aránṣọ ń jó o!"

Ibi tí wọ́n ti gé àti ibi tí wọn ò tíì gé, mo gbé e sáré. Nígbà tí mo dé, ẹ̀gbọ́n mi ti wọlé lọ kó aṣọ oníbàárà. Wọ́n kó o jáde o, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún wọn ti jóná. Àwọn panápaná pa iná náà tán, ọ̀gá wọn wá bèèrè pé, "Ìyá, kí lẹ fi sílẹ̀ lára iná?" Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Áyọ́ọ̀nù nìkan ni mo lò, mo sì rò pé mo yọ ọ́." Wọ́n wá yíjú sí mi. "Ọkọ mi, ìwọ lo wọlé kẹ́yìn. Ṣé mo yọ ọ́?"

Ẹ̀yin ará, bí ilẹ̀ bá lanu ní wákàtí yẹn, ì bá dáa fún mi. Mo wo ojú wọn. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó jọ pé ẹ gbàgbé."

Kí àwọn panápaná tó padà wá yẹ inú ilé wò, mo ti fi àpò tútù di àpótí náà, mo ti sọ ọ́ sínú gọ́tà tó wà lẹ́yìn ilé mẹkáníìkì kan ládùúgbò wa. Ẹ ó ní èyí ló burú jù. Ó tì o. Nílé ìwòsàn, ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ òsì mú aṣọ mi, wọ́n ń sunkún, wọ́n ní, "Ọkọ mi, dákun, má bínú sí mi. Mo jólé mọ́ ọ lórí." Èmi náà sunkún. Mo wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti dárí jì yín."

Mo dárí jì wọ́n! Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ń bẹ̀ mí, tí mo sì ń dárí jì wọ́n. Ìka mẹ́ta ká kò lọ́wọ́ ọ̀tún wọn, abẹ́rẹ́ ò ṣeé mú mọ́, bọ́tìnnì ni wọ́n ń tà báyìí. Wọn ò fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù mọ́. Aránṣọ tó gbajúmọ̀ fún aṣọ tó gún régé, aṣọ rírún ni wọ́n ń wọ̀ jáde, wọ́n á ní, "Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀, n ò fẹ́ pààyàn."

Ṣé mo wá jáwọ́? N ò jáwọ́. Korobá iyanrìn yẹn ṣófo títí di àná. Èyí tó bá wú, inú báàgì mi ni, màá lọ jù ú sórí ààtàn kí n tó délé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò ká mi mọ́ ojú ọ̀nà, mo yà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, mo gbé báàgì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. A ń sọ̀rọ̀, a ń rẹ́rìn-ín, mo kàn gbọ́ ṣíìì. Èéfín funfun bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú báàgì.  Ẹ̀gbọ́n mi fò dìde, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sókè kí n lè rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, wọ́n ń ké pé, "N ò fọwọ́ kan nǹkan kan! Ọkọ mi, mo búra, n ò fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù!"

Mo gbá báàgì náà síta sínú òjò, ó sì bú gbàmù níbẹ̀. Mo padà wọlé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo sọ gbogbo ẹ̀, látorí àpò ṣòkòtò dórí gọ́tà. Wọn ò pariwo. Ohùn wọn rọlẹ̀, wọ́n ní, "Mo yọ ọ́ nígbà yẹn."

Mo ní, "Ẹ yọ ọ́, Ẹ̀gbọ́n. Mo rí i."

"Mo yọ ọ́," wọ́n tún sọ. Wọ́n wá ní kí n máa lọ, kí n lọ sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń pè mí ní Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀. Wọn ò pè mí ní ọkọ mi.

Mo ti sọ ọ́. Ọ̀gá, iṣẹ́ yín nìyí, mo fi sílẹ̀. Bátìrì méje tó wú nìyí, mo yọ wọ́n láàárọ̀ yìí, mo sì rì wọ́n mọ́ inú iyanrìn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tí bátìrì bá wú lọ́wọ́ yín, ẹ gbé e jáde lójú gbogbo ayé, kí wọ́n fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Yẹ̀yẹ́ ò lè jó ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kí n tó wá síbí. Wọn ò ṣílẹ̀kùn fún mi. Ṣùgbọ́n láti ojú fèrèsé, mo rí áyọ́ọ̀nù tuntun lórí tábìlì, mo sì rí wọn tí wọ́n ń fi ọwọ́ òsì lọ aṣọ, díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ̀ ọ́ tán, wọ́n yọ áyọ́ọ̀nù náà kúrò lára iná, wọ́n wé wáyà mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n sì dúró, wọ́n ń wò ó. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n.