Ẹ̀rọ Mẹ́rin, Èèyàn Mẹ́sàn-án

[Aago kan ku ogún ìṣẹ́jú, ọ̀sán. Olórí nọ́ọ̀sì ní yàrá ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ń pe àbúrò rẹ̀, tó ṣe ètò kọ̀ǹpútà tó ń pín ẹ̀rọ náà.]

Ẹ̀GBỌ́N: Hẹ́lò, ṣé dáadáa ni, ìyàwó ńkọ́, ó tó, ó tó—

ÀBÚRÒ: Ẹ káàsán mà. Mi ò tíì dáhùn o!

Ẹ̀GBỌ́N: Òpè ni kọ̀ǹpútà rẹ.

ÀBÚRÒ: [ẹ̀rín] Wọ́n tún ti dé.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹni a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ẹ̀rọ mẹ́rin, èèyàn mẹ́sàn-án. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fo ẹnì kan. Ẹsẹ̀ ẹ̀ wú bí ìrọ̀rí. Aago kan sì ni wọ́n máa ti orúkọ pa. Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Ètò yẹn ò mojú ẹnikẹ́ni. It follows need, finish. Nígbà tí ẹ̀ ń fojú pín in, ṣé kì í ṣe ìyàwó alága ló ń kọ́kọ́ wọlé?

Ẹ̀GBỌ́N: Ojú tiwa ń rí ẹsẹ̀ tó wú.

ÀBÚRÒ: Mélòó lẹ kọ fún bí àìsàn ẹ̀ ṣe le tó, nínú mẹ́wàá?

[Ariwo lórí ìlà.]

ÀBÚRÒ: Ṣé ẹ gbọ́ mi? Mélòó?

Ẹ̀GBỌ́N: Mi ò kọ nǹkan kan.

ÀBÚRÒ: Blank? Òdo ló ń ka ìyẹn sí! Bí ẹni tára ẹ̀ le koko! Ogún ọdún nídìí iṣẹ́, ẹ ò lè—

Ẹ̀GBỌ́N: Mo fi sílẹ̀ kí dókítà kọ ọ́. Kí wọ́n má sọ pé mo gbè sẹ́yìn ẹni mi.

ÀBÚRÒ: Ẹni yín? Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló jókòó síbẹ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Bàbá ni. Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹ.



ÀBÚRÒ: Ẹ kọ mẹ́wàá.

Ẹ̀GBỌ́N: Hẹ̀n-ẹ́n! Ìwọ tí ò mojú ẹnikẹ́ni? Mẹ́jọ ni. Iye tí màá kọ fún bàbá ẹlòmíì nìyẹn. Mo ti tẹ̀ ẹ́.

ÀBÚRÒ: Ẹ dúró… mo ti rí i. Ẹni mẹ́ta ti wọlé. Ẹ̀rọ kan ló kù. Bàbá ní mẹ́jọ, aránṣọ kan sì ní mẹ́jọ.

Ẹ̀GBỌ́N: Ta ló máa mú?

ÀBÚRÒ: Ọjọ́ orí ò hàn lójú tèmi. Ọmọ ọdún mélòó ni aránṣọ yẹn?

Ẹ̀GBỌ́N: Kò tíì pé ogójì. Kí ló dé? Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí nọ́ńbà bá dọ́gba… ẹni tó kéré lọ́jọ́ orí ni kó mú.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìwọ? Ìwọ fúnra ẹ lo kọ ọ́?

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún Bàbá pé—

[Ìlà já.]