Ẹ̀yìn Tó Pọ̀n Yín

Aago mẹ́fà àárọ̀ òní ni mo ti wà ní gáréèjì Iléṣà, Bùrọ̀dá Silas, tí ọyẹ́ ń gé mi létí bí abẹ, tí kùrukùru bo ojú ọ̀nà débi pé orí igi nìkan ni mò ń rí, ẹ wo ètè mi bó ṣe là, ẹ wá ń bi mí pé kí ló gbé mi dé Òṣogbo lọ́jọ́ Sátidé láìránṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Rárá o, n ò ní jókòó. Bí mo bá jókòó báyìí, Àǹtí Lucy ìyàwó yín á gbé tíì fún mi, n ó mu tíì, ara mi á gbóná, n ó sì dákẹ́ bí mo ṣe máa ń dákẹ́. Ẹ mọ̀ mí. Èmi Ọlọ́rundáre àbúrò yín, lébìrà ojú títì, tó lè kó òkúta ní odindi ọjọ́ kan láìsọ ju "ẹ kúuṣẹ́" lọ. Tí èmi bá wá la ẹnu, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti kọjá ohun à ń dákẹ́ sí.

Owó kọ́ o! Ẹ má tọwọ́ bọ àpò. Owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí Ìyá àgbà ń dé, Ọlọ́run á máa bù sí i. Àmọ́ ṣé owó ló ń gbé arúgbó lọ sí balùwẹ̀ ni? Ìyá àgbà tó bí yín lọ́mọ ò lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ mọ́ láti ìgbà òjò tó kọjá, ẹ sì mọ̀. Ẹ ò wá bi ara yín rí pé ta ló ń gbé wọn láti orí ẹní dé ẹ̀yìnkùlé, láti ẹ̀yìnkùlé dé ìdí ààrò, láti ìdí ààrò dé ṣọ́ọ̀ṣì? Màámi ni! Òótọ́ ni, Màámi ni ìyàwó kékeré Bàbá wa, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ta ló ṣì kéré nínú wọn báyìí? Eyín mélòó ló kù lẹ́nu Màámi? Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á gbé ìyáálé wọn sẹ́yìn, wọ́n á fi ọ̀já gbà á bí ẹni gba ọmọ jòjòló, wọ́n á gbéra. Arúgbó ń pọn arúgbó! Àwọn ará àdúgbò ti sọ wọ́n lórúkọ. Wọ́n ń pè wọ́n ní Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ rín in, èmi náà ti rín in tẹ́lẹ̀. Ẹ má dá fèrè mọ́tò yẹn lóhùn, èmi ni kẹ́ ẹ máa wò.

Ẹ ò mọ̀ pé ojú Màámi ti ń ṣú. Ẹsẹ̀ ló kù fún Màámi, ojú ló kù fún Ìyá àgbà. Ìyá àgbà á wà lókè, wọ́n á máa darí ọ̀nà: "Ìyàwó, yà sí òsì, òkúta ń bẹ níbẹ̀. Ìyàwó, gbẹ́sẹ̀, ìgbẹ́ ewúrẹ́ nìyẹn." Ìyàwó! Láti ìgbà tí ẹ̀yin ṣì ń rákò ni Màámi ti wọ ilé yẹn, Ìyàwó náà ni wọ́n ṣì ń jẹ́ títí dòní!

Lọ́jọ́rú tó kọjá yìí, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá àwọn méjèèjì ní ìjókòó lórí ilẹ̀ lásán láàárín ẹ̀yìnkùlé, ọ̀já ṣì wà lára wọn, oòrùn ń jó wọn lórí. Mo ní, "Ẹ kú ìsinmi o, kí lẹ ń ṣe níbí?" Ìyá àgbà ní, "A ń yá oòrùn ni, ọyẹ́ yìí ti pọ̀ jù." Màámi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ó dáa fún egungun." Èmi òmùgọ̀ yìí bá wọlé, mo bọ́ bàtà, mo mu omi. Ìgbà tí mo máa padà jáde, ewúrẹ́ ilé kejì ti wà lórí àgbàdo tí wọ́n sá, ó ń jẹ ẹ́ ní tirẹ̀, àwọn méjèèjì ń fi ẹnu lé e, ẹnì kankan ò dìde. Háà! Ìgbà yẹn lojú mi là. Bùrọ̀dá Silas, láti ìyálẹ̀ta ni wọ́n ti ṣubú! Wọn ò lè dìde, wọn ò sì jẹ́ pariwo, kí ará àdúgbò má baà sọ pé Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti wó!

Ẹ mọ ohun tó gbé wọn ṣubú? Ìjà ni! Ìjà àwo tánganran Bàbá tó fọ́ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé, nígbà tí èmi ò tíì dé ayé pàápàá. Ìyá àgbà lókè ní, "Ìyàwó, ìwọ lo fọ́ ọ." Màámi nísàlẹ̀ ní, "Ìyáálé mi, ẹ̀yin lẹ fọ́ ọ, ẹ wá kó o sí ológbò lọ́rùn." Ìyá àgbà bínú, wọ́n dijú pinpin, wọ́n ní àwọn ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n gbàgbé pé ojú tí àwọn dì yẹn ni àwọn méjèèjì fi ń rìn! Bí ẹsẹ̀ Màámi ṣe wọ kòtò tí adìyẹ gbẹ́ nìyẹn.

Ìyá àgbà ò fara pa, ara Màámi ni wọ́n ṣubú lé. Ìbàdí Màámi ló gbà á. Mo gbé Màámi lọ sí ọsibítù, nọ́ọ̀sì fọwọ́ tẹ ìbàdí wọn báyìí, wọ́n ké. Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, ẹ ò gbọdọ̀ gbé nǹkan kan mọ́, ìbáà ṣe garawa omi. Bí ẹ bá tún ṣubú bí irú èyí, ẹ lè má dìde mọ́." Ẹ wá gbọ́ ohun tí Màámi fi dá a lóhùn. "Nọ́ọ̀sì, ìyáálé mi kì í ṣe garawa." Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, mo bá wọn tí wọ́n tún ń wá ọ̀já!

Ẹ̀ẹ́n? Èmi wá ńkọ́? Ẹ ṣeun tí ẹ bi mí. Mo gbé Ìyá àgbà, wọ́n gbá mi létí, wọ́n ní kò sí ọkùnrin tí yóò gbé àwọn lọ sí balùwẹ̀. Fúnmilọ́lá ìyàwó mi gbé wọn lẹ́ẹ̀kan péré, Ìyá àgbà ní ọwọ́ rẹ̀ tutù, Màámi ní ó ń gbé ìyáálé òun bí àpò kòkó, ọmọ ọlọ́mọ sunkún wọlé. Mo ní kí Màámi lọ sinmi lọ́dọ̀ àbúrò wọn ní Ẹ̀sà-Òkè, wọ́n ní ta ni yóò gé iṣu Ìyá àgbà wẹ́wẹ́, ta ló mọ̀ pé apá òsì ẹnu ni wọ́n fi ń jẹun. Mo ní kí Ìyá àgbà wá bá ẹ̀yin ọmọ wọn níbí, wọ́n ní ta ni yóò máa ṣa òkúta inú ẹ̀wà fún Ìyàwó. Mo ní ó dáa, kí n kúkú ránṣẹ́ sí yín. Bùrọ̀dá Silas, Màámi kúnlẹ̀! Ìyá mi, pẹ̀lú ìbàdí yẹn, kúnlẹ̀ fún èmi ọmọ wọn! "Má sọ fún ọkọ mi o. Má yọ Akọ̀wé lẹ́nu."

Akọ̀wé. Ẹ rántí orúkọ yẹn? Wọ́n bá yín nílé ọkọ, wọn ò lè pè yín lórúkọ, ẹ wá fi èédú kọ játijàti sára ògiri palọ̀ Bàbá, ni wọ́n bá ní Akọ̀wé lọkọ àwọn. Orúkọ ọ̀hún sì ro yín, ẹ di akọ̀wé lóòótọ́, ẹ ti rélùwéè bọ́ sí ọ́fíìsì ìjọba. Ẹ̀yìn wọn lẹ ti ń sùn. Ẹ̀yìn wọn lẹ ti hu eyín, ẹ tún gé wọn jẹ léjìká, wọ́n ṣì ń fi àpá rẹ̀ yangàn. Ẹ̀yìn tó pọ̀n yín náà ló ń pọn ìyá yín. Ṣé òun nìkan ni yóò máa pọn gbogbo ilé títí yóò fi kán ni?

Ẹ má bojú mọ́. N ò wá pa yín lẹ́kún o.

Yàrá ò gbà yín? Onílé ò fẹ́ àlejò? Ẹ gbọ́, Mùstàfá tún ti ń tẹ fèrè. Mùstàfá ni dẹ́rẹ́bà tó gbé mi wá. Ó dáa, ẹ wá sójú fèrèsé wàyí. Ẹ wo iwájú lọ́rì yẹn. Gèlè mélòó lẹ rí?

Hẹ̀n-ẹ́n! Mo kó wọn wá! Mo sọ fún Ìyá àgbà pé ìbàdí Màámi fẹ́ ìtọ́jú, wọn ò sì ní ojú tí wọ́n á fi dá rìn. Mo sọ fún Màámi pé Ìyá àgbà fẹ́ rí ọmọ wọn, wọn ò sì ní ẹsẹ̀. Irọ́ wo ló wà níbẹ̀? Olúkúlùkù gbà pé òun lòun sin ẹnì kejì wá sí Òṣogbo. Ẹ ò rí i bí! Ìyá àgbà ò tíì wọ mọ́tò láti oṣù kẹrin tí ìjọba ti ní kí mọ́tò fi òsì sílẹ̀, kó máa gba ọ̀tún. Bí a ṣe bọ́ sójú títì, igbe ta: "Dẹ́rẹ́bà, ọ̀nà àwọn tó ń bọ̀ lo gbà! Yà sí òsì!" Láti Iléṣà títí dé Igbona àdúgbò yín yìí, "Yà sí òsì!" Mùstàfá ní òun ò gbowó mọ́, kí n ṣáà bá òun sọ wọ́n kalẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀. Àwọn méjèèjì yóò gbé ọ̀dọ̀ yín títí ìbàdí Màámi yóò fi san. Yàrá kan náà o, ẹ má yà wọ́n. Kí Àǹtí Lucy máa gbé Ìyá àgbà lọ wẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ omi gbígbóná. Màámi á jókòó sórí àga, wọ́n á máa sọ pé "kì í ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn." Ẹ bá mi fara dà á.

Ta ni yóò gbé Ìyá àgbà wọlé báyìí? Ẹ wo ohun tí mo ní lápò. Ọ̀já òfì! Ẹ ò mọ̀ ọ́n mọ́? Òun ni wọ́n fi pọ̀n yín, òun ni wọ́n fi pọn èmi náà. Màámi ti wá a títí láàárọ̀ yìí, wọn ò mọ̀ pé èmi ni mo jí i. Ẹ bọ́ súwẹ́tà yẹn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ ká wọn ìdí yín wò. Àwọn ará Igbona ń wò? Kí wọ́n máa wò! Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tuntun! Yéè, ẹ gbà mí, inú ń dùn mí pa, ẹ̀rín yìí fẹ́ já mi nífun!

Ó yá, ẹ máa tẹ̀ lé mi. Mo ń lọ ṣí ilẹ̀kùn lọ́rì.