Mo Mú Awò Ojú Ọmọ Mi Kúrò Lórí Tábìlì Ẹ̀rí

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi yin Olúwa. Ẹ yìn ín dáadáa, kí ariwo yín lè bo ohùn mi tó ń gbọ̀n yìí mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí nínú ìjọ yìí, ẹ mọ̀ pé ẹ̀yìn òpó ni mo máa ń jókòó sí. Tí wọ́n bá ní ká kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Ṣùgbọ́n ohun tí Ọlọ́run ṣe fún mi, kò ṣe é lẹ́yìn òpó. Èmi náà ò ní dúró sẹ́yìn òpó dúpẹ́ lónìí.

Èmi ni Ìyá Fèyí. Kotobabi ni mò ń gbé, ọjà Okaishie ni mo ti ń bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi ta ìpara àti ọṣẹ. Kumasi ni bàbá Fèyí ti ń ṣiṣẹ́, ó ń wá sílé nígbà tí ààyè bá gbà á. Fèyí fúnra rẹ̀ nìyẹn níwájú, ọmọ tó wọ awò ojú aláwọ̀ ọsàn yẹn.

Ọmọ yìí fẹ́ràn ámpè ju oúnjẹ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ bí ọmọbìnrin sí Accra níbí, ẹ mọ̀ ọ́n: wọn á fò sókè, wọn á pàtẹ́wọ́, wọn á na ẹsẹ̀ kan síwájú. Lọ́jọ́ kan nílé ìwé, wọ́n ń ṣe ámpè ní àkókò ìsinmi, òun àti ọmọ kan bá kọlu ara wọn lókè. Fèyí ṣubú sẹ́yìn, ìpàkọ́ rẹ̀ sì gbá etí gọ́tà oní-sìmẹ́ǹtì. Nígbà tí mo fi máa dé ibẹ̀, ó ti jókòó, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń bi mí ṣáá: "Màámi, ṣé a ti jẹun?" Mo ní a ti jẹun. Kò pẹ́, ó tún bi mí.

A gbé e dé ọsibítù. Wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ò dà sínú rẹ̀, agbárí ò sì fọ́, àmọ́ ọpọlọ rẹ̀ mì nínú agbárí. Wọ́n ní kó sinmi dáadáa. Ọlọ́run ṣeun! Mo rò pé ibẹ̀ ni ẹ̀rí mi máa parí sí.

Kò parí síbẹ̀ o.

Nígbà tó padà sílé ìwé, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Bó bá ti ṣí ìwé báyìí, á fi ọwọ́ bo ojú kan. Á ka ìlà kan, á fo èyí tó tẹ̀lé e. Ó ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ti di méjì, wọ́n sì ń ti ara wọn bí àwọn tó fẹ́ wọ ọkọ̀ trótró ní Circle nírọ̀lẹ́. Madam tó ń kọ́ ọ ní kíláàsì ní ọmọ náà ti ya ọ̀lẹ, pé ó kàn ń fi orí fífọ́ ṣe àwáwí ni. Wọ́n gbé pátákó lẹ́tà kọ́ sára ògiri, wọ́n ní kó kà á láti òkèèrè. Ó kà á dé èyí tó kéré jù. Madam wo ojú mi, ó ní, "Ṣé ẹ rí i, Màmá Fèyí? Ojú àṣá nìyí!" Ọ̀gá ilé ìwé wá fi tirẹ̀ kún un. Ó ní bí Fèyí kò bá lè parí iṣẹ́ rẹ̀ kí táámù tó parí, kí n mú un lọ sílé ná, kó máa bá mi jókòó ní ìsọ̀.

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, Class Four ni mo ti kúrò nílé ìwé nígbà tí àìsàn dá ìyá mi dúbúlẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ sílé ná. Inú "ná" yẹn ni mo ṣì wà títí di òní.

Mo wọ ẹ̀yìn ìsọ̀ lọ, sáàárín àwọn páálí ìpara. Mi ò mọ àdúrà gígùn gbà. Mo ní, "Olúwa, mi ò gbà. Mi ò ní gbà láé. Ìwọ kọ́ lo ní kí ọmọ yìí fi ìwé sílẹ̀. Fi ọ̀nà hàn mí." Ojoojúmọ́ ni mo ń gba èyí, pẹ̀lú ìbínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, àmọ́ ìbínú ni mo fi ń gbà á.

Lọ́jọ́ kan, ìyáàfin Ashanti kan tó máa ń rajà lọ́wọ́ wa dé. Fèyí wà lórí àpótí, ó ń kàwé, ó fi ọwọ́ bo ojú kan. Ìyáàfin náà ò tilẹ̀ béèrè ọjà. Ó ní, "Ei! Ṣé ọmọ yìí forí gbá nǹkan rí?"

Mo ní, "Ó gbá gọ́tà, mà."

Ó ní bọ́ọ̀lù ló gbá ọmọ ẹ̀gbọ́n òun lórí, bí ó ṣe máa ń bo ojú kan gẹ́lẹ́ nìyẹn. "Mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Kó o sì sọ fún un pé ó forí gbá nǹkan o, má gbàgbé, torí bí o kò bá sọ, pátákó ògiri náà ló tún máa fún un kà."

Èmi ò tíì sọ̀rọ̀ pátákó ògiri létí rẹ̀! Ta ló rán an? Ẹ dá mi lóhùn. Ta ló rán an? Ẹ ṣeun. Òun náà ni.

A dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú. Ọ̀dọ́bìnrin ni. Mo sọ ohun tí ìyáàfin yẹn ní kí n sọ. Ó mú bíírò, ó ní kí Fèyí tẹjú mọ́ ṣóńṣó rẹ̀, ó wá ń sún un bọ̀ díẹ̀díẹ̀ wá síbi imú ọmọ náà. Ojú ọ̀tún tẹ̀ lé bíírò. Ojú òsì tẹ̀ lé e dé ibì kan, ló bá já a sílẹ̀, ó yà síta lọ. Mo fi ojú ara mi rí i. Mo pariwo Jésù nínú yàrá yẹn, àwọn tó jókòó síta gbọ́ mi.

Dókítà ní, "Áńtì, ẹ fara balẹ̀. Ojú kọ̀ọ̀kan ríran dáadáa. Tí nǹkan bá sún mọ́ wọn ni wọn ò lè jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ mọ́. Orí tó gbá yẹn ló fà á." Ó ní ti ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń padà bọ̀ sípò fúnra rẹ̀ láìpẹ́, ṣùgbọ́n ti Fèyí ti pẹ́ jù, kò sì padà. Ó fún un ní awò ojú tí á máa fi kàwé, èyí tó ń bá a so àwòrán méjèèjì pọ̀. Ó kọ́ wa bí a ó ṣe máa fi bíírò ṣe eré ìmárale ojú nílé, ó sì ní kó máa sinmi láàárín ìwé kíkà.

Ọjọ́ tí awò náà dé, Fèyí wọ̀ ọ́, ó ṣí ìwé. Ó wá gbójú sókè, ó ní, "Màámi, wọ́n ti dákẹ́."

Mo ní, "Àwọn wo?"

"Àwọn lẹ́tà. Wọn ò ti ara wọn mọ́."

Ògo ni fún Ọlọ́run! Ọmọ mi ń kàwé!

Ẹ wá gbọ́ ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa la mọ tábìlì ẹ̀rí tó wà nísàlẹ̀ pẹpẹ yìí. Ẹni tó bá gba ìwòsàn ń fi ohun tó fi ń gbé àìsàn rẹ̀ kiri sílẹ̀ níbẹ̀: ọ̀pá, bẹ́líìtì ẹ̀yìn, awò ojú. Mi ò bá àṣà yẹn jà. Ọ̀pá tó wà níbẹ̀ yẹn, mo mọ ẹni tó ni ín, ó ń rìn dáadáa. Àmọ́ lọ́jọ́ Sunday kan, Màmá Àdúrà, tó ń darí ẹgbẹ́ aládùúrà wa, rí Fèyí. Ẹ kú ìjókòó, Màmá, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Wọ́n ní, "Ọmọ tí irun kan ò tíì funfun lórí rẹ̀! Awò ojú àwọn arúgbó! A kọ̀ ọ́!" Wọ́n bọ́ ọ lójú rẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí, a gbàdúrà. Wọ́n wá nàka sí bánà tó wà lókè ẹnu ọ̀nà lọ́hùn-ún. "Kà á!"

Fèyí kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìjọ hó yèè! Kíbọ́ọ̀dù dún. Awò ojú bọ́ sórí tábìlì.

Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ará, ọ̀nà jíjìn kò dí Fèyí lọ́wọ́ rí. Ó ti ka pátákó ògiri nílé ìwé kó tó ní awò rárá. Ìwé tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ni ìṣòro rẹ̀. Nínú gbogbo ayọ̀ wa lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó fún un ní ìwé.

Lọ́jọ́ kejì tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ àmúrelé, ọwọ́ padà sójú. Ó gbé orí lé tábìlì. Ó ní, "Màámi, ṣé Ọlọ́run ti gbà á padà ni? Kí ni mo fi ṣẹ̀ Ẹ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa ìtìjú mi. Kí ọmọ mi máa rò pé Ọlọ́run ń fúnni lónìí kó tún já a gbà lọ́la? Láéláé! Wednesday dé, a wà lórí àdúrà, mo dìde lẹ́yìn òpó. Mo rìn gba àárín yín kọjá. Mo dé ibi tábìlì, mo wá awò aláwọ̀ ọsàn láàárín àwọn tó kù, mo mú un.

Màmá Àdúrà ní, "Ìyá Fèyí, kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Màmá, mo wá mú awò ọmọ mi."

"O fẹ́ gbé àrùn padà sílé!"

"Awò ni mo gbé, Màmá. Àrùn ò sí lórí tábìlì yìí."

Ẹnu mi ló sọ ọ́. Títí di òní, ó ń yà mí lẹ́nu pé ẹnu mi ni.

Bàbá Pásítọ̀ pè wá sí ọ́fíìsì. Wọ́n ní kí n ṣàlàyé, mo tún ń wo ilẹ̀ bí ìṣe mi. Fèyí wo awò tó wà létí imú wọn, ó ní, "Bàbá, ṣé tiyín náà máa lọ sórí tábìlì lọ́jọ́ Sunday?" Mo já a ní èékánná. Ṣùgbọ́n Pásítọ̀ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Wọ́n ṣí Bíbélì wọn tó ní lẹ́tà wínníwínní, wọ́n ní kó kà á láìwọ awò. Ó bo ojú kan, ó fo ìlà, ó dúró. Wọ́n ní kó wọ̀ ọ́. Ó kà á geere bí omi. Pásítọ̀ pa Bíbélì dé, wọ́n wá ní, "Ìyá Fèyí, mú ọmọ rẹ lọ sílé. Kó máa lo awò rẹ̀."

Màmá Àdúrà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní, "Ìgbàgbọ́ ńkọ́?"

Mo ní, "Màmá, ìgbàgbọ́ ni mo fi rìn dé ibi tábìlì."

Fèyí ṣe ìdánwò táámù. Kò gba ipò kìíní o, mi ò ní purọ́ lórí pẹpẹ. Àárín ló wà. Ṣùgbọ́n ó parí gbogbo rẹ̀, wọ́n sì ti gbé e lọ sí kíláàsì tó kàn. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ ìsọ̀ fún mi mọ́.

Kí n tó jáde síwájú yín láàárọ̀ yìí, ẹnì kan fà mí láṣọ. Ó ní kí Fèyí kọ́kọ́ fi awò sínú báàgì, kí ẹ̀rí náà lè dùn ún gbọ́. Mi ò fi sínú báàgì! Bí dókítà bá sọ lọ́jọ́ kan pé ó tó, a ó bọ́ ọ, a ó sì tún wá dúpẹ́. Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀ láé, tòun ti awò lójú ni ọmọ mi máa fi yin Ọlọ́run, á sì máa kàwé.

Fèyí, dìde dúró. Má bọ́ ọ. Ẹ̀yin ará, ẹ wò ó dáadáa, kí ẹ bá mi hó ìhó ayọ̀ sí Olúwa. Ẹni tí kò bá lè hó nítorí awò ojú, kó jókòó jẹ́ẹ́, mi ò bá a jà. Èmi àti ọmọ mi ti tó láti hó fún Un.