Ewé Kíkorò Tí Mo Fi Ra Ahọ́n Ràbíátù

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ohun kan wà láyà mi tí mi ò sọ fún ọ̀rẹ́, mi ò sọ fún àlùfáà, mi ò sì sọ ọ́ jáde nínú àdúrà pàápàá. Ọmọ tí mo fẹ́ràn ju ara mi lọ ni mo ṣẹ̀. Ó kú nígbà òjò tó kọjá, mi ò sì lè tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ọmọ kékeré tó fi sílẹ̀ ló mú kí n kọ ìwé yìí, torí mo ti darúgbó.

Èmi kì í ṣe ọmọ Tógò. Ṣábẹ ni wọ́n bí mi sí, ní Bẹ̀nẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, Sámúẹ́lì, kú kó tó rìn. Jósẹ́fù ọkọ mi fẹ́ ẹlòmíràn. Nígbà tí ìjọ wa ń wá obìnrin tí yóò lọ ṣèrànwọ́ láìgba owó ní ilé ọmọ aláìníyàá kan ní Sokodé, ní Tógò, mo ní èmi á lọ. Ọdún kan ni mo ní lọ́kàn. Mo kàwé díẹ̀, mo sì gbọ́ Faransé díẹ̀.

Àdúgbò Kouloundè ni ilé náà wà. Láti ìdájí la ti ń se omi. A ń fọ ìgò wàrà, a ń fọ aṣọ ìdí àwọn ọmọ, a ń sá a sórí okùn títí gbogbo àgbàlá á fi funfun. Zénàbú, ọmọ ẹ̀yà Tem tó ni ìlú náà, ló ń dáná. Mùsùlùmí ni, síbẹ̀ ó mọ orin ìjọ wa ju gbogbo wa lọ. Òyìnbó sísítà ìjọ tó jẹ́ olórí wa, Màsẹ̀ẹ̀ Clarisse, máa ń gbàdúrà pẹ̀lú wa lábẹ́ àgbélébùú. Àwòrán Olórí Orílẹ̀-èdè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lára ògiri, àwọn ọmọ sì máa ń kí i láràárọ̀ pé, "Bonjour, Papa." Èmi, Tàńtì ni wọ́n ń pè mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mi ò fẹ́ràn wọn.

Ibẹ̀ ni wọ́n gbé Ràbíátù wá. Sàlámátù ìyá rẹ̀ kú lójú ọ̀nà Kambolé, ìlú wọn, sí Tchamba, bó ṣe bí i tán. Búráímọ̀ bàbá rẹ̀ àti ìyá bàbá rẹ̀, Ìyá Mèmúná, gbé e wá nínú ọkọ̀ akẹ́rù tó kó iṣu. Àgbẹ̀ ni wọ́n, Yorùbá sì ni wọ́n bíi tèmi. Kò sí obìnrin tó ń fún ọmọ lọ́mú nínú ilé wọn lásìkò náà. Èmi nìkan ni mo gbọ́ èdè wọn níbẹ̀, èmi ni mo sì túmọ̀.

Ìyá Mèmúná ní, "Àbúrò mi, sọ fún òyìnbó yìí dáadáa o. A ò fi ọmọ tọrẹ. Wàrà la wá yá. Ọjọ́ tó bá ti lè jẹ iyán, a ó wá gbé e."

Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Màsẹ̀ẹ̀ gbà. Bí a ṣe ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn: ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú á mu wàrà lọ́dọ̀ wa títí yóò fi lè jẹ oúnjẹ ilé wọn, àwọn ara ilé rẹ̀ á wá mú un. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti lọ bẹ́ẹ̀ lójú mi. Mo máa ń sunkún díẹ̀, màá sì gbé òmíràn pọ̀n.

Ràbíátù ò rí bẹ́ẹ̀ fún mi. Ẹ̀yìn mi ló ń sùn sí. Ó máa ń di etí mi mú kó tó sùn lọ. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ pè mí ní Màmá, Zénàbú bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Tàńtì, wọ́n ti mú ẹ!" Òótọ́ ló sọ. Wọ́n ti mú mi.

Nígbà tó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Zénàbú á bu iṣu sísè fún un nínú ilé ìdáná, á jẹ ẹ́, á lá ìka rẹ̀. Mo ń wò ó. Mo mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n máa wá gbé e ti súnmọ́.

Lẹ́yìn ìkórè, awakọ̀ kan jíṣẹ́ pé Ìyá Mèmúná ń bọ̀ lọ́jọ́ ọjà.

Igi dóńgóyárò kan wà lẹ́nu géètì wa. Ẹ mọ bí ewé rẹ̀ ṣe korò tó. Láàárọ̀ ọjọ́ náà mo já a, mo fọwọ́ rún un. Nígbà tí mo gbọ́ ohùn ìyá náà lẹ́nu ọ̀nà, mo fi omi ewé yẹn ra ahọ́n ọmọ náà àti èrìgì rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ọwọ́ tí mo fi ń ṣe àmì àgbélébùú ni mo fi ṣe é.

Ìyá Mèmúná gún iyán náà fúnra rẹ̀, nínú odó Zénàbú. Ó bu èyí tó kéré bí èékánná, ó fẹ́ ẹ kó tutù, ó fi sí ọmọ náà lẹ́nu. Ọmọ náà tu ú dà nù, ó figbe ta. Ìyá náà fi ọbẹ̀ sí i. Ọmọ náà tún tu ú.

Ìyá Mèmúná ní, "Háà! Ẹnu ọmọ yìí ti di ẹnu òyìnbó!"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Zénàbú nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ọwọ́ mi tó ti di àwọ̀ ewé, ó wo ojú mi, ó sì wọlé lọ. Kò fi ọ̀rọ̀ náà kàn mí títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, kì í kọrin mọ́ tí mo bá wà nítòsí.

Ìyá Mèmúná fi ọmọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa di ìkórè mìíràn. Lọ́dún kejì mo tún ṣe é.

Lọ́dún kẹta, mi ò já ewé kankan. Mi ò nílò rẹ̀ mọ́. Bí Ràbíátù ṣe rí Ìyá Mèmúná tó gbé iṣu sórí, ó sá sínú ìró mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

Ìyá náà jókòó sórí àpótí. Ó ní, "Àbúrò mi, ní oko wa, iṣu láàárọ̀, iṣu lálẹ́. Tí mo bá mú un lọ, ebi á pa á. Bá mi tọ́jú rẹ̀ sí i. Màá máa wá wò ó."

Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ṣàdúrà fún mi ní Lárúbáwá. Ó kó gbogbo iṣu tó rù wá sílẹ̀ fún mi. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ gbọ́ o. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Màsẹ̀ẹ̀ Clarisse bi mí pé kí ló wí. Mo sọ fún un ní Faransé pé wọ́n ti fi ọmọ náà sílẹ̀ fún wa pátápátá.

Ni wọ́n bá fi ọmọ náà fún mi. Lásìkò yẹn, ìjọba ní kí gbogbo èèyàn ju orúkọ òyìnbó sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣèrìbọmi fún un, Màsẹ̀ẹ̀ ní kí n wá orúkọ ilẹ̀ wa. Mo sọ ọ́ ní Ìbùkún, bí ẹni pé kò lórúkọ tẹ́lẹ̀. Mo gbé e lọ sí Ṣábẹ, a sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí a padà sí Sokodé, Zénàbú sọ fún mi pé Búráímọ̀ ti wá. Ìyá Mèmúná ti kú. Wọ́n sọ fún Búráímọ̀ ní géètì pé wọ́n ti mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn. Zénàbú ní ó jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò yẹn títí oòrùn fi wọ̀, kó tó dìde.

Kambolé ò jìnnà. Mo lè lọ. Mi ò lọ.

Ìbùkún dàgbà, ó kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán. Kò jẹ iṣu mọ́ láyé rẹ̀. Níbi ìgbéyàwó, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Irú Yorùbá wo lèyí tí kì í jẹ iyán?" Á ní, "Ó máa ń korò lẹ́nu mi ni." Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi á dìde bí ẹni tó fẹ́ lọ bu omi.

Ibà pọ́njú ló pa á. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kú, ó di etí mi mú bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó ní, "Màmá, ṣé mi ò ní ẹnì kankan lóòótọ́? Ta ni Rúùtù máa ní?"

Mo ní, "Èmi."

Ó ní, "Yàtọ̀ sí yín."

Mo ní kò sí. Irọ́ yẹn ló gbé lọ sí sàárè.

Rúùtù ni ọmọ tó fi sílẹ̀. Ọmọ kékeré ni, kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Bàbá rẹ̀ lọ sí Nàìjíríà, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ mi ń wú, ojú mi ń ṣú. Tí mo bá kú, ilé ọmọ aláìníyàá ni wọ́n máa gbé e lọ, nígbà tí odindi agboolé rẹ̀ wà ní Kambolé.

Láìpẹ́ yìí, mo mú un lọ sí ọjà Tchamba láti ta àwọn aṣọ tí ìyá rẹ̀ rán sílẹ̀. Bàbá arúgbó kan jókòó ti òkìtì iṣu, ó ń sun díẹ̀ lórí iná. Búráímọ̀ ni. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Òun ò mọ̀ mí. Rúùtù lọ dúró síwájú iná náà, ó kọ̀, kò kúrò. Bàbá náà ha iṣu, ó fẹ́ ẹ kó tutù, bí Ìyá Mèmúná ṣe fẹ́ ẹ níjọ́sí, ó fi sí i lẹ́nu.

Rúùtù jẹ ẹ́. Ó tún na ọwọ́.

"Ọmọ yìí mọ oúnjẹ! Ìyá, ọmọ ta ni?"

Mo ní, "Ọmọ ọmọ mi ni."

"Ọlọ́run á dá a sí fún yín." Ó mú odindi iṣu kan, ó fi lé mi lọ́wọ́, kò gba owó. Mo gbé e, mo sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Iṣu náà wà ní igun ilé mi. Mi ò lè fi ọ̀bẹ kàn án. Ó ti ń ta èhù. Ojoojúmọ́ ni Rúùtù ń bi mí pé ìgbà wo la ó tún lọ sọ́dọ̀ Bàbá oníṣu.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Tí mo bá mú un lọ sí Kambolé, wọ́n lè gbà á kí wọ́n sì lé mi, wọn ò sì ní jẹ̀bi. Wọ́n á bi mí ní ibi tí mo sin ọmọ wọn sí. Abẹ́ àgbélébùú ni, orúkọ tí wọn ò sọ ọ́ ló wà lórí rẹ̀. Tí mi ò bá sì lọ, mo ti jí ọmọ Búráímọ̀ gbé lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ̀yin Kristẹni, ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ rí, ẹ dá sí ọ̀rọ̀ mi. Tí ẹ bá ní kí n lọ, ẹ kọ́ mi ní ohun tí màá kọ́kọ́ sọ tí mo bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè sọ ọ́, kí iṣu yìí tó jẹrà mọ́ mi lọ́wọ́.